Eyín Tuntun Lẹ́nu Ohùn-Fèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tó fi ahọ́n sí wa lẹ́nu ká lè fi yìn ín, tó sì tún fi ẹ̀rín kún un kí ayé má baà le jù fún wa. Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, kí n sọ ti ìyá kan fún yín.

Ohùn-Fèrè ni gbogbo ìjọ ń pè é. Arúgbó ni, àmọ́ bó bá gbé orin sókè, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin á máa wolẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń fi pamọ́: kò ní eyín kankan mọ́ lókè ẹnu. Eyín àtọwọ́dá ló ń lò, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé pàápàá kò sì rí i láìsí i lẹ́nu rí. Bó bá fẹ́ fọ̀ ọ́, á ti ilẹ̀kùn, á tún fi àga dí i.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n ń múra ìyàsímímọ́ ilé ìjọsìn tuntun. Òun ló máa dá ẹsẹ̀ orin àkọ́kọ́ kọ. Níbi ìdánrawò, bó ṣe na ohùn sókè báyìí, eyín òkè ta jáde, ó fò kọjá ìwé orin, ó sì balẹ̀ gbàà sórí dùùrù. Atẹdùùrù ta gìrì, ó tẹ ohùn tí kò sí nínú orin náà. Ohùn-Fèrè fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, ó mú eyín rẹ̀ lórí dùùrù, ó bọ́ síta.

Olórí akọrin tẹ̀ lé e. "Màmá, ẹ má bínú o. Bí eyín yìí kò bá tíì gbọ́ràn títí di ìyàsímímọ́ lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò yín á bá wa kọ orin náà."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ pé ègbè ló ń gbè láti kékeré!

Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe eyín náà, ẹni tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Alágbẹ̀dẹ-Eyín. Yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn eyín, ló ti ń ṣiṣẹ́. Eyín wà lórí pẹpẹ, eyín wà nínú ife, òórùn ìda gbígbóná sì gba gbogbo ibẹ̀.

"Irú iṣẹ́ wo lo ṣe fún mi yìí?"

"Màmá, iṣẹ́ mi kì í mì lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹnu yín."

"Ẹnu ta ni? Eyín ni kó o wò!"

Bó ti máa ń ṣe, Ohùn-Fèrè kẹ̀yìn sí i, ó yọ eyín lábẹ́ aṣọ ìnujú, ó sì nà án sí i láti orí èjìká. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà wọn ẹnu rẹ̀ láyé ọjọ́un pàápàá, màmá ní kó dijú. Kí ni ọkùnrin náà á wá ṣe? Ó gbé eyín lé ère ẹnu tó fi sìmẹ́ńtì funfun mọ nígbà náà. Eyín náà jókòó pẹ̀sẹ̀. Síbẹ̀ ọkùnrin náà rẹ́ ẹ díẹ̀ kí àlàáfíà lè wà. Nígbà tí màmá délé, eyín ń mì bí ọkọ̀ ojú omi. Ó padà lọ, wọ́n tún un rẹ́, ó sì burú sí i.

Ní ọjọ́ Sátidé, àbúrò ní òun á sìn ín lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń fi omi gbígbóná fọ ọ̀fun o."

"Ò báà fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, o ò ní kọ ọ́!"

Wọ́n dé ibẹ̀. Ohùn-Fèrè yọ eyín, ó kẹ̀yìn sí Alágbẹ̀dẹ-Eyín, ó pa ètè pọ̀ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Àbúrò bá lọ dúró síwájú rẹ̀. Ó gbé èjìká sókè, ó yọ ojú kòǹgbà, ó ń ṣe bí atẹdùùrù lọ́jọ́ tí eyín balẹ̀ síwájú rẹ̀. Ohùn-Fèrè fi ọwọ́ di ẹnu. Àbúrò wá fò sókè, ó tẹ dùùrù tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde! Ìyá arúgbó la ẹnu gbàgà, ó ń di ìhà mú.

Àbúrò na ìka sí ẹnu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, eyín wà lẹ́nu yín."

"Ó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí."

"Kì í ṣe ìyẹn. Òmíràn ló ń hù!"

Alágbẹ̀dẹ-Eyín gbé iná wá. Lóòótọ́, eyín funfun kan, ṣóńṣó bí hóró àgbàdo, ti gbórí láàárín èrìgì. Ó sáré lọ pe dókítà eyín lókè. Dókítà ya àwòrán inú egungun, ó rí ìkejì tó ṣì sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, àwọn kan wà tí eyín wọn ju iye tó yẹ lọ, kò kàn wọ́pọ̀ ni. Láti kékeré ló ti wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn tó dí i lọ́nà kúrò, ó ráyè jáde, òun ló sì ń ti eyín àtọwọ́dá yín dànù. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

"Kí ẹnu mi lè wú lọ́la? Olúwa fi Ísáákì ta Sárà lọ́rẹ lọ́jọ́ ogbó, ẹnikẹ́ni ò ní kó dá a padà!"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbà kó di lẹ́yìn ìyàsímímọ́. Ohùn-Fèrè fúnra rẹ̀ la ẹnu fún Alágbẹ̀dẹ-Eyín. Kò ní kó dijú mọ́. Ọkùnrin náà gbẹ́ ihò kékeré fún àlejò náà lára eyín àtọwọ́dá, ó sì bá ara mu.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó bi àbúrò rẹ̀ pé, "Kí ló dé tó o fi pa mí lẹ́rìn-ín? Orin náà ì bá di tìrẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí oorun sùn látìgbà tí wọ́n ti dárúkọ mi. Ta ló lè gun ohùn òkè yẹn?"

Lọ́jọ́ Àìkú, Ohùn-Fèrè kọrin, eyín kan ò mì. Àbúrò gbè é tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọdé tò síwájú Ohùn-Fèrè láti wo eyín tuntun náà, ó sì ń la ẹnu fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí dókítà ránṣẹ́ pè é kó wá yọ ọ́, ó ní kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i: ẹgbẹ́ àwọn ìyá kò tíì wò ó tán.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Olúwa fi ẹ̀rín kún ẹnu rẹ. Ohun tó ń tì ọ́ lójú lónìí, kó di ohun tí wàá fi yìn ín lọ́la. Àmín.