Oògùn Ọwọ́ Bàbá

Omi ṣúgà náà ń ṣàn jáde létí ẹnu ìyá, ọmọ wọn sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e mì.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Díẹ̀ péré."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná ni ìyá jókòó sí, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Òógùn bò wọ́n bí ẹni tí òjò ká mọ́ta, bẹ́ẹ̀ ara wọn tutù. Wọ́n lajú, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ẹni tó wà níwájú wọn. Orúkọ àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́ ni wọ́n fi ń pe ọmọ tí wọ́n bí. Ìyẹn gan-an ló kó ọmọ náà láyà sókè. Ó gbé ife sílẹ̀, ó ti ìka bọ inú ṣúgà, ó sì fi ń pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀. Àkọ́bí ni wọ́n ń pè é nílé. Aránṣọ ni, tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí eré ló sá kúrò nídìí ẹ̀rọ nígbà tí bàbá pè é lórí fóònù pé ìyá rẹ̀ ń sọ ìsọkúsọ.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn. Awakọ̀ ojú irin ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn kì í pẹ́ débì kankan, ẹni tó bá sì pẹ́ kì í gbádùn lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe ìyàwó wọn ni wọn ò ti jẹ́ kí ẹlòmíì fún un lóògùn mọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọn á bu omi, wọn á fi oògùn sí i ní àtẹ́lẹwọ́, wọn á sì dúró tì í títí á fi gbé e mì. Àkọ́bí máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé fèrè ló kù kí wọ́n fọn kí ọkọ̀ gbéra.

"Mo fún un lóògùn lásìkò," bàbá wí. "Lásìkò gan-an."

"Mo mọ̀, Bàámi."

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lódìkejì títì sáré dé. Ó gún ìka ìyá, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó sì rí i pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Ṣúgà tí Àkọ́bí fi sí wọn lẹ́nu ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá mu omi, wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n sì bèèrè ìdí tí gbogbo ayé fi dúró lé àwọn lórí. Àkọ́bí àti nọ́ọ̀sì gbé wọn jókòó sórí àga ní pálọ̀. Nọ́ọ̀sì wá fa Àkọ́bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Oògùn yẹn ti pọ̀ jù lára Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ṣúgà wọn ṣì lè já wálẹ̀, ọsibítù ló kàn. Mò ń lọ wá mọ́tò. Wọn ò gbọdọ̀ fi oògùn yẹn kan ẹnu mọ́ lónìí o. Tí wọ́n bá tún lò ó, a lè pàdánù wọn."

Àkọ́bí ò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún bàbá. Ta ni yóò wò wọ́n lójú, tí yóò sọ pé oògùn tí wọ́n fún ìyàwó wọn ló pọ̀ jù?

Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí. Òun ló ra ìgò oògùn tuntun náà ní kẹ́míìsì míì, torí kò ráyè dé ibi tí wọ́n ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún un ní èyí tó le jù ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé òun ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ó mú ìgò náà lórí tábìlì, ó kà á. Ohun tó wà lára rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Àmọ́ nígbà tó mi ìgò náà, oògùn díẹ̀ ló ró nínú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó rà á, oògùn inú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Màámi, ṣé ẹ tún máa ń dá oògùn lò lẹ́yìn Bàámi ni?"

"Ṣé ó dùn ni?" Ìyá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Lọ bá mi kó aṣọ mi, jàre."

Ó gbé ìgò náà sílẹ̀, ó sì wọ yàrá. Ìró omi tí ẹnì kan ń bù sí ife ló gbọ́ tó fi jáde padà, tòun ti aṣọ lápá.

Bàbá dúró níwájú ìyá, ife wà lọ́wọ́ ọ̀tún, oògùn wà lọ́wọ́ òsì.

"Màmá wọn," wọ́n wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "o ò tíì lo oògùn àárọ̀ rẹ."

Ìyá wo oògùn náà. Wọ́n wo ojú ọkọ wọn. Wọ́n wá la àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ ṣeun, Bàbá wọn."

Àkọ́bí ju aṣọ apá rẹ̀ sílẹ̀. Ó fò mọ́ ìyá rẹ̀, ó gbá wọn lọ́wọ́ mú, oògùn náà sì bọ́ sílẹ̀.

"Má sọ nǹkan kan," ìyá wí fún un lábẹ́lẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Àṣé wọ́n mọ̀. Láti ìgbà yìí wá ni wọ́n ti mọ̀, tí wọ́n sì ń gbé e mì.

Bàbá ò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wo oògùn tó wà nílẹ̀ náà títí.

"Mo ti fún ọ tẹ́lẹ̀, àbí?"

"Rárá o. Àkọ́bí kàn ń..."

"Fi Àkọ́bí sílẹ̀. Ìwọ ni mo bi léèrè."

Ìyá bú sẹ́kún. "Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ti fún mi, ẹ ò rí ojú ara yín. Ẹ̀rù bà yín títí di alẹ́. Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

Bàbá rọra jókòó. Àkọ́bí rò pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀, tàbí pé wọ́n fẹ́ jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgò kejì tó wà lórí tábìlì ni wọ́n ń wò, ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn.

"Tèmi ńkọ́?" wọ́n bèèrè. "Ṣé mo ti lo tèmi lónìí?"

Àkọ́bí wo ìyá. Ìyá náà wo ìgò yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mọ́tò fọn fèrè níta. Àkọ́bí fa ìyá rẹ̀ dìde, ó sì na ọwọ́ kejì sí bàbá.

"Ẹ wọ bàtà yín, Bàámi. Ẹ̀yin méjèèjì là ń gbé lọ."