Ìgúnpá Ọ̀pá Omi Lẹ́yìn Ilé Ìdáná Àpínkẹ́

Kọ́ọ́ǹ! Kọ́ọ́ǹ! Kọ́ọ́ǹ!

Títí di òní, bí wọ́n bá ti géètì ilé kejì ní Abíjàn, tí irin kan irin, Ọ̀ṣuntóyè á dá ọwọ́ oúnjẹ dúró. Kì í ṣe géètì ló ń gbọ́. Jẹ́láàní, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ló ń gbọ́, ní Ifangni, ní ọdún kẹta tí Dàhòmì gba òmìnira, tó ń fi òòlù kékeré kan ọ̀pá omi níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e sínú kòtò. Ọ̀pá tó pé á dún bí agogo. Èyí tó sán á dún bí ìkòkò tó ti fọ́. Jẹ́láàní á dẹ etí sí i, á sì wí fún ọ̀pá náà pé, “Bon, ara rẹ le. Wọlé lọ.”

Àwọn ọ̀pá náà kì í ṣe irin àtijọ́ tó ń fọ́ bí àwo. Irin tuntun ni, tó lè tẹ̀ díẹ̀ bí ilẹ̀ bá mì. Ẹnu ọ̀kan fẹ̀, ìdí èkejì á wọ inú rẹ̀, rọ́bà á sì dí àárín wọn kí omi má baà jò. Ọ̀ṣuntóyè, ọmọ ọdún méjìlélógún, ló ń fi ọṣẹ pa rọ́bà náà kí ọ̀pá lè yọ̀ wọlé. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn dọ́ba. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán ọṣẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Rọ́bà lè dí omi, ṣùgbọ́n kò lè di ọ̀pá mú. Níbi tí ọ̀nà bá ti tọ́, èyí kò ṣòro. Níbi tí ọ̀pá bá ti ní láti yà, tí wọ́n ń pè ní ìgúnpá, omi tó ń sáré bọ̀ á máa ti ìgúnpá náà sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ já ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń da òkìtì sìmẹ́ǹtì ńlá sẹ́yìn rẹ̀, kó lè rí nǹkan fẹ̀yìn tì.

Ìgúnpá kan wá bọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná Àpínkẹ́, ìyá Odile. Ibi tó yẹ kí òkìtì sìmẹ́ǹtì wà gan-an ni igi àgbọn kan dúró sí, tí kò tíì ga ju ènìyàn méjì lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ Odile sí, ọmọ oṣù mẹ́fà tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n kiri nígbà náà. Ibẹ̀ náà ni ìwọ́ ẹ̀gbọ́n Odile wà, ọmọkùnrin tó lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré láyé.

“Ẹ̀yin ọmọ omi,” ni Àpínkẹ́ wí, “ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé Tchaada bó bá wù yín. Igi yìí, ẹ yà fún un.”

Jẹ́láàní dáhùn pé, “Àwa ní ìtìjú, Ìyá Odile. Omi ni kò ní in.”

“Ẹ kọ́ ọ nílé, kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.”

Ọ̀gá wọn, Faransé kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ṣẹ́fù, fún Ọ̀ṣuntóyè ní ọ̀pá irin tín-ínrín kan, ó ní kó fi gún ilẹ̀ ẹ̀yìn ìgúnpá náà wò. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, wọ́n á gé igi, wọ́n á da sìmẹ́ǹtì. Bó bá jẹ́ yangí, tí ó le bí òkúta, kò sí wàhálà.

Irin náà wọlẹ̀ bí ẹni ki ìka bọ ẹ̀kọ gbígbóná. Ọ̀ṣuntóyè gbójú sókè. Àpínkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára irin náà.

“Yangí ni, Ṣẹ́fù,” ni Ọ̀ṣuntóyè lọ wí.

“Sûr? Ó dá ọ lójú?”

“Sûr, Ṣẹ́fù.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ti omi sínú ọ̀pá láti dán an wò, ìgúnpá náà fẹ̀yìn rìn nínú ilẹ̀ rírọ̀, ó yọ kúrò lẹ́nu ọ̀pá. Omi ta, ó kọlu ògiri ilé ìdáná, ògiri sì wó lé ìkòkò ògì. Ọpẹ́ ni pé Àpínkẹ́ wà lóko ẹ̀gẹ́.

Ẹnu àwọn ará àdúgbò kò kúrò lára Àpínkẹ́ lọ́jọ́ náà. “Igi rẹ̀ ló fà á!” “Ṣebí a ní kó jẹ́ kí wọ́n gé e? Olórí kunkun!” Ṣẹ́fù ní bóyá yangí náà kò nípọn ni, kí wọ́n gé igi lọ́la. Àpínkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àpáàdì ìkòkò rẹ̀.

Bí Ọ̀ṣuntóyè bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, wọ́n á sì tún gé igi náà. Ibi tó ti ń rò ó ni ojú rẹ̀ ti lọ síbi tí wọ́n to ọ̀pá mẹ́wàá kan jọ sí lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Lagbé, kí ọ̀pá má baà yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọrùn àwọn wọ̀nyí ní òrùka irin tí búlọ́ọ̀nù, ìṣó tí wọ́n ń lọ́ wọlé, ń fún pinpin. Bí ọ̀kan bá fẹ́ lọ, ó ní láti wọ́ èkejì, èkejì á wọ́ ẹ̀kẹta, pẹ̀lú gbogbo yẹ̀pẹ̀ tó wà lórí wọn.

Ó lọ bá Ṣẹ́fù. “Ẹ jẹ́ ká kó wọn wá síbí, Ṣẹ́fù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn kò ní igi. A lè da sìmẹ́ǹtì síbẹ̀.”

Ṣẹ́fù ṣírò nǹkan sẹ́yìn páálí sìgá rẹ̀. Ó tún un ṣírò. “Mais oui! Ta ló kọ́ ọ?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Ṣẹ́fù. Ọṣẹ ni mò ń pa.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tò wọ́n, márùn-ún ṣáájú ìgúnpá, márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Jẹ́láàní ń fún búlọ́ọ̀nù, ó ń pariwo sí àwọn ọ̀pá pé, “Ẹ di ara yín mú o! Ẹni tó bá jọ̀wọ́ ẹnì kejì, ìyàwó rẹ̀ á bá awakọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́!”

Nígbà tí omi tún dé, Ọ̀ṣuntóyè dọ̀bálẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí ilẹ̀. Ó gbọ́ tí ilẹ̀ ń gbọ̀n wìrìwìrì. Ṣùgbọ́n ìgúnpá kò sún.

Àpínkẹ́ ló bu omi àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Igbá rẹ̀ dé ọwọ́ Ọ̀ṣuntóyè kó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. “Mu,” ló wí jẹ́jẹ́, “ìwọ tí yangí rẹ rọ̀ bí ẹ̀kọ.”

Ó ti rí i láti ọjọ́ yẹn! Omi sì tutù. Ọ̀ṣuntóyè mu ún tán láìgbójú sókè.

Lọ́sẹ̀ kejì, iṣẹ́ gbé wọn lọ sí Abíjàn. Ó fẹ́ aya níbẹ̀, ó bímọ, ó darúgbó. Ayé sàn án. Kò ní ẹjọ́ kankan bá ayé rò. Nǹkan kan péré ni. Àwọn tó ń ti ilé wá máa ń sọ fún un pé wọ́n ṣì ń fi ìtàn ògiri náà ṣe Àpínkẹ́ yẹ̀yẹ́. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tí Ọ̀ṣuntóyè ti mú bíírò láti kọ òtítọ́ ránṣẹ́. Ìkíni nìkan ló máa ń dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Odile pè é lórí fóònù. Ìyá-ìyá ni Odile fúnra rẹ̀ báyìí. “Bàbá, àwọn òṣìṣẹ́ omi tuntun ti dé. Wọ́n ní kò sí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn ìgúnpá wa, pé àṣìṣe ni. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gé àgbọn, kí wọ́n lè dà á. Màmá ní kí n bi yín.”

“Kí ni Màmá wí gan-an?”

Odile rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní, ‘Bi ọmọ ọlọ́ṣẹ yẹn.’”

Ọ̀ṣuntóyè gbé fóònù sílẹ̀. Géètì ilé kejì dún: kọ́ọ́ǹ! Ó tún mú fóònù, ó sì fi ohùn ránṣẹ́:

“Odile, jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ èyí, kí o sì pe àwọn ará àdúgbò wá gbọ́ ọ. Kò sí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, ìgúnpá yẹn kò sì nílò rẹ̀. Kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lápá ọ̀nà, kí wọ́n má gbẹ́ apá igi. Wọ́n á rí òrùka irin lọ́rùn ọ̀pá mẹ́wàá, márùn-ún níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má tú búlọ́ọ̀nù kankan tí omi bá wà nínú ọ̀pá. Kí wọ́n má gé igi. Ògiri tó wó lọ́jọ́sí, igi kọ́ ló fà á, ìyá rẹ kọ́ ló fà á. Èmi Ọ̀ṣuntóyè ni mo purọ́ fún ọ̀gá mi pé yangí ni. Ìyá Odile, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì bò mí láṣìírí. Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi fi àgbọn kan pamọ́. Mò ń bọ̀ bí òjò bá ti dá.”