Ọmọrí Tó Ń Làágùn

Ìrẹsì tútù ni Shizuno máa ń bù fún ọmọ rẹ̀ tí kò sí nílé. Oṣù mọ́kànlá rèé tí ọkọ̀ ìpẹja tí Hayato bá lọ kò ti padà sí èbúté, kò sì sí ọ̀sán kan tí ìyá rẹ̀ kò gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní àyè rẹ̀: ìrẹsì nínú abọ́ dúdú tó lọ́mọrí, ọbẹ̀, ẹja yíyan kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá etíkun ibẹ̀ ń ṣe fún ẹni tó bá rin ìrìn àjò jìnnà. Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ṣí abọ́ wò. Bí inú ọmọrí bá làágùn, arìnrìn-àjò ń bẹ láàyè. Bó bá gbẹ, ẹnu kò gbọdọ̀ ròyìn ìyẹn.

Dókítà Narumi, onísùúrù ọkùnrin tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn lẹ́bàá ibùdókọ̀ rélùwéè, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá, ìrẹsì gbígbóná wo la dé tí ọmọrí ẹ̀ ò ní làágùn?"

"Ohun témi náà rò nìyẹn, Dókítà. Láti ọdún tuntun, èyí tó ti sùn mọ́jú ni mò ń bù fún un."

"Ó sì ń làágùn?"

"Ó ń kán tótó."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu dókítà. Ó wo Nagiko, ọmọbìnrin Shizuno, tó jókòó ti ìyá rẹ̀. Òun ló fà á wá. Ìyá kì í sùn mọ́, kì í jẹun mọ́, egungun nìkan ló kù nínú aṣọ. Á jókòó ti àyè Hayato, á sọ̀rọ̀, á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn, á tún fèsì.

"Ọ̀nà mẹ́ta ló wà," ni dókítà wí, "ẹ ò sì ní sùn sọ́dọ̀ wa nínú ìkankan. Ìkíní, ẹ máa wá rí mi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ká sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ gba oògùn. Ìkejì, ẹ máa wá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, títí di ọ̀sán gangan. Ìkẹta, odidi ọjọ́, lọ́jọ́ márùn-ún, ẹ ó máa jẹun ọ̀sán pẹ̀lú wa. Tó bá jẹ́ témi, ìkẹta ni. Ìkíní kéré sí ohun tó ń ṣe yín. Tẹ́ ẹ bá sì tún rù sí i, ọsibítù ńlá ló kù, wọ́n á dá yín dúró síbẹ̀."

"Ìkíní," ni Shizuno wí, kò tiẹ̀ jẹ́ kó mí.

"Màmá!"

"Ta ni yóò gbé oúnjẹ ẹ̀gbọ́n ẹ kalẹ̀ lọ́sàn-án? Ìwọ tó wà níbi iṣẹ́? Ọjọ́ tí mo bá pa ọ̀sán kan jẹ..."

Dókítà ní kó kàn wá wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kan ná, lẹ́yìn ìyẹn ẹni tó lara ni yóò yàn. Nagiko búra pé òun ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òun yóò gbé oúnjẹ náà kalẹ̀ fúnra òun. Àìríbi-sá ló jẹ́ kí Shizuno gbà.

Èèyàn mẹ́jọ ló bá níbẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ na ẹsẹ̀, wọ́n ká bébà, wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ. Bàbá Sugawara, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, dá a lápàárá:

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwa wèrè ibí kì í géni jẹ lọ́sàn-án. Oúnjẹ wọn ti dùn jù."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀. Ó jẹ ṣíbí oúnjẹ mẹ́ta. Ojú tì í, bíi pé ẹnu Hayato ló ti já a gbà.

Nígbà tó dé ilé, kò sí ẹnikẹ́ni ní pálọ̀. Abọ́ méjì ló bá nílẹ̀. Dúdú wà ní àyè Hayato. Ní àyè tirẹ̀, abọ́ pupa tirẹ̀ gan-an wà níbẹ̀, wọ́n dé e, wọ́n fi igi ìjẹun rẹ̀ lélẹ̀ síwájú rẹ̀.

A kì í gbé e fún ẹni tó wà nílé.

Ó ṣí dúdú. Omi kán sí i lọ́wọ́. Ó wá ṣí pupa. Gbígbẹ táútáú. Ó já ara rẹ̀ léèékánná, kò dùn ún tó bó ṣe yẹ kó dùn ún. Ẹ̀rù bà á gidi: àbí òun ló lọ, tí Hayato wà nílé?

"Màmá, ẹ ti dé?" Nagiko dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn wà lápá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n ti kó o kúrò."

"Ta lo gbé eléyìí fún?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi tí mo wà nílé?"

"Ẹ ò sí nílé, Màmá. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti lọ. Inú yàrá mi ni mo máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀."

"Tútù?"

"Bíi tẹ̀gbọ́n mi."

"Ó làágùn rí?"

Nagiko mi orí pé rárá, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ọmọ méjì ni Shizuno bí, ọ̀kan ló ń bọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Lọ́jọ́ kejì ó pe dókítà, ó ní ìkẹta ni òun fẹ́.

Láti ìgbà náà, Nagiko ló ń gbé méjèèjì kalẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, òun ló sì ń ṣí wọn wò tó bá dé. Ní Fráìdè kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Shizuno wọlé, ó ṣì ń bú Bàbá Sugawara tó rẹ́ ẹ jẹ nínú ayò. Ó bá Nagiko tó di ọmọrí pupa mú, omi ń kán sórí ẹní.

"Màmá, ẹ wò ó! Ẹ wò ó!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún. Lẹ́yìn náà ni Shizuno rí abọ́ dúdú tó ṣì wà ní dídé.

"Ti ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

Shizuno kúnlẹ̀, ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó fi ìka nu inú ọmọrí yíká. Gbígbẹ ni ìka náà jáde.

"Láti ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ kẹta rèé. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́."

Kò ké. Ó sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà ó bu ìdajì ìrẹsì tútù náà fún Nagiko, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ ọ̀dọ̀ Dókítà Narumi kí aago mẹ́sàn-án tó lù.