Ayùn Oníná àti Ìgbálẹ̀

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi. Ọmọkùnrin gíga kan tí à ń pè ní Agùntáṣọọ́lò àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọmọbìnrin wa tí ọkọ mi ń pè ní Ìyá Àgbà. Èmi ni mo ń fi fáníìṣì kun àga.

Ọkọ mi fẹ́ràn ọmọ yìí bí ẹyinjú. Bí ọmọ náà bá fẹ́ gbé pákó wúwo, bàbá rẹ̀ á ní, "Ìyá Àgbà, fi sílẹ̀." Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ayùn oníná, á ní, "Ìyá Àgbà, jọ̀ọ́, bá ìyá rẹ gbálẹ̀."

Ọmọ náà ti fẹ́ẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì tíì fi ayùn yẹn gé igi rí. Ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún káfíńtà tí kò lè gé igi?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ tún ní kó lọ gbálẹ̀. Kò mira.

"Bàbá mi, mo fẹ́ gé ẹsẹ̀ àga yẹn."

Ọkọ mi na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, èyí tí ọmọńdinrín rẹ̀ ti bá ayùn lọ. "Ṣé o rí èyí? Mi ò fẹ́ kó ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo rí i, sà. Ìka àwọn ọmọkùnrin yìí ńkọ́? Ṣé igi ni?"

Agùntáṣọọ́lò wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọ̀gá, òótọ́ ni o! Ìyá tó bí mi fẹ́ràn ìka mi gan-an."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi ọkọ mi. Mo rò pé inú ń bí i ni. Àṣé ó ń ronú. Ó ṣa àgékù pákó, ó gbẹ́ ẹnu sí orí wọn, ó sì fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èyí lẹ ó máa fi ti igi sẹ́nu ayùn, kí ọwọ́ yín má baà débẹ̀. Ọkùnrin o, obìnrin o. Ìyá Àgbà, ó yá."

Ọmọ náà fi tirẹ̀ ti igi sẹ́nu ayùn. Ayùn ké. Ẹsẹ̀ àga náà wọ́.

"Ó wọ́ ju èyí tí Agùntáṣọọ́lò kọ́kọ́ gé lọ," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ọ̀gá, ẹ má purọ́ mọ́ ọn! Tèmi wọ́ ju báyìí lọ!"

"Ó dáa. Ìyá Àgbà, gé òmíràn."

Ó gé e. Èyí dúró ṣánṣán.

Ó wá ku ilẹ̀ gbígbá. Mo di ìgbálẹ̀ tèmi mú, mo kàn ń wo ọkọ mi. Ó wò mí, ó wo ìgbálẹ̀ kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un, ó ń gbá.

"Baálé mi, eruku lẹ ń lé kiri, ẹ ò tíì gbálẹ̀ o!"

"Rọra, ìyàwó mi," ló fi dá mi lóhùn. "Ṣebí èmi náà ń kọ́ṣẹ́ ni."