Àwòrán Tí Kò Ní Orúkọ

Dókítà Sixten Brandelius ló kọ́ mi níṣẹ́ wíwọn ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Lund, ní ilẹ̀ òyìnbó. A kì í lo abẹ́rẹ́, a kì í lo ọ̀bẹ. Aláìsàn á jókòó, a ó fi ìbòmú bò ó nímú, á mí afẹ́fẹ́ tí a po gáàsì díẹ̀ tó ní ìtànṣán mọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ̀jẹ̀ á gbé gáàsì náà lọ sínú ọpọlọ, ẹ̀rọ tó yí orí rẹ̀ ká á sì máa ka ìtànṣán rẹ̀. Nínú àwòrán, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn dáadáa á pupa. Ibi tó bá ti lọ́ra, á dúdú bí aró.

Lọ́dún 1979, Barbro, ìyàwó dókítà, wá bá mi níbi tí mo ti ń mu kọfí.

"Ingegerd, jọ̀ọ́, bá mi wọn ọpọlọ ọkọ mi. Ó kó kọ́kọ́rọ́ sínú fìríìjì, ó ní èmi ni mo jí i."

"Ṣé ó gbà?"

"Mo ní o fẹ́ dán ẹ̀rọ wò ni."

Ọjọ́ kejì, dókítà jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Fún ìbòmú yẹn dáadáa o! Imú mi gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tó tìrẹ."

Nígbà tí àwòrán jáde, nọ́ńbà nìkan ló wà lára rẹ̀, bí ti àwọn aláìsàn yòókù. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, ó ti mú un lórí tábìlì mi, ó wọ awò ojú.

"Áà, iyè ẹni yìí ti ń lọ. Wo òkè etí méjèèjì, aró ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta."

"Ó mà ṣe o. Kò sí oògùn tí a lè fún un. Má parọ́ fún ẹbí rẹ̀ o. Ta ni?"

Mo fọwọ́ kan nọ́ńbà náà. "Dókítà, ẹ̀yin ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó bọ́ awò ojú, ó ń nù ún.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣírò ó, sà."

"O ṣeun. Máa wọ̀n mí ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bóyá á wúlò fún ẹlòmíràn."

Nígbà kejì, aró náà ti dé iwájú orí. Nígbà kẹta, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìbòmú ṣe. Nígbà kẹrin, bí ìbòmú ṣe kàn án, ó figbe ta pé a fẹ́ pa òun, ó gbá mi lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ jáde.

Barbro dì í mú. "Sixten, Ingegerd ni! Ọmọ iṣẹ́ rẹ ni!"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ náà ńkọ́? Ta ni ọ́?"

Mo pa ẹ̀rọ. Àwọn dókítà yòókù ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo kò lè fi nǹkan kan hàn, wọ́n ní kí n kó fáìlì àwòrán rẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀.

"Ṣé kí n tún mú ọkọ mi wá nígbà tí òjò dídì bá yọ́?" ni Barbro bi mí.

Mo ní kó má mú un wá mọ́. Barbro de bọ́tìnnì kóòtù fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì bọ́ síta sínú òtútù.