Ọ̀dà Tuntun Lára Páìpù Àgbà

Èmi ni mo kun páìpù náà. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ilé iṣẹ́ wa ń sọ gáàsì di hóró ike, èyí tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti abọ́. Nígbà èwe rẹ̀, igba tọ́ọ̀nù ló ń ṣe lójúmọ́. Ó ti pé ọdún méjìdínlógójì báyìí. Bó bá ṣe àádọ́fà, a dúpẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ sì ń jẹ owó bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ. Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn tó ni ín fẹ́ ti ọ̀kan pa nínú ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ní, kò sẹ́ni tó béèrè pé èwo ni.

Ọ̀gá wa pè mí. "Bàbá Ọlọ́dà, ẹnjiníà wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kun gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀, sà? Páìpù gbígbóná tó wà lókè yẹn..."

"Ìgbà wo lo di ẹnjiníà?"

Ìwé mẹ́fà ni mo kà.

Mo gun àkàbà. Bí mo ṣe ń ha páìpù náà, irin ń ṣí bọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àbúrò mi máa ń jókòó sí, tó ń ṣọ́ mítà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kun ún kó dán o! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tì wá pa!"

"Páìpù yìí ò lágbára mọ́."

"Ẹ̀yin náà ò lágbára mọ́, ṣé a lé yín ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo kun ún lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnjiníà dé, obìnrin kan tó wọ gíláàsì. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Èyí ni wọ́n ń pè ní arúgbó? A kàn ń fi í ṣòfò ni! Òmíràn la máa tì. Kí èyí padà sí igba tọ́ọ̀nù láti ọ̀sán yìí."

Àtẹ́wọ́ sọ. Àbúrò mi dì mọ́ mi, ó sì sáré padà sídìí mítà rẹ̀ láti lọ gbé iná sókè. Ikú ń dẹ Dẹ̀dẹ̀, Dẹ̀dẹ̀ ń dẹ ikú.

Èmi... mi ò mọ ohun tó tì mí.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dúró."

Mo gun òkè, mo fi irin ha ibì kan. Ọ̀dà náà já bọ́ pẹ̀lú irin tó ti dógùn-ún. Mo kó o sí i lọ́wọ́. Ó wò ó. Ó wo páìpù, ó wá wo àga àbúrò mi.

"Ta ló kun èyí?"

Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo ojú sánmà.

"Èmi ni, mà."

"Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ."

Wọn ò tún tàn án mọ́. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ilé iṣẹ́ wọn kejì. Wọ́n ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́. Àwa yòókù relé.

Àbúrò mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Lánàá, mo gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá. Ó ń bú mi fún aládùúgbò rẹ̀: ọ̀dàlẹ̀, olójú-ayé, ẹni tó já oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ìyá rẹ̀. Mo rọra fara ti ògiri, mo gbọ́ ọ tán. Ó ṣì wà láàyè, ohùn rẹ̀ sì le koko.