Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Èmi ni mo kun ojú ọ̀run. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tí òjò pọ̀ tó fi fọ àwọ̀ ojú ọ̀run dànù, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Mo gbé àkàbà ti ìkùukùu, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo kùn ún láti ibi tí oòrùn ti ń yọ títí dé ibi tó ń wọ̀ sí, n kò sì tíì jẹun àárọ̀. Ọ̀dà tó dà nù nínú garawa mi ló di òkun. Bí ẹ bá rí ibi tí ojú ọ̀run ti rí wúruwùru, ibẹ̀ ni ikọ́ ti mú mi.

Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń pè mí ní Àgbá Òfìfo. Iṣẹ́ akunlé ni mò ń ṣe. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà tó ku ìkeje, ìwé fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n fi òun sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé bí mo bá ní mo rí ejò méjì, okùn bàtà ni mo rí. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú mẹ́wàá, èyí tó bá kù ni òótọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò mọ ìyọkúrò yẹn ṣe. Òun ló ba ayé Ìyá Aránṣọ jẹ́. Àbí èmi ni. Ẹ gbọ́ ọ ná.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ ń gbé, nínú ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà rí bí ọmọ gbogbo ayé, àfi pé ohùn rẹ̀ kì í kúrò níbi tó bá ti sọ̀rọ̀. Tó bá fara ti ògiri tó ní “ẹ káàárọ̀”, ògiri á mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, lọ́jọ́ kejì ní wákàtí kan náà, ògiri á ní “ẹ káàárọ̀”. Àdúgbò bá sọ ọ́ ní Ohùn Ò Kú.

Ọmọ yẹn fẹ́ràn kátúùnù orí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tóbi bí àwo, tí irun wọn dúró gán-ún bí ẹní rí iwin. Níbẹ̀, ẹni tó bá ní agbára àràmàǹdà, aṣọ pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn ni wọ́n ń fún un, ìlú á sì máa pàtẹ́wọ́. Ó ní kí ìyá òun rán irú rẹ̀ fún òun. Ìyá rẹ̀ fi kọ́tìnnì àtijọ́ rán an.

Àwa náà kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ o. A ò tiẹ̀ fẹ́ kó sinmi. Olùkọ́ ní kó ka ìṣirò ìlọ́po sí ògiri kíláàsì, ni olùkọ́ bá ń sùn nílé, tí ògiri ń kọ́ àwọn ọmọ. Onígbàjámọ̀ ní kó sọ sí ògiri òun pé, “Ẹ̀hẹ́n, irun yín mà dára o!” Apárí kan wọlé, ògiri kí i, ó fẹ́ lu onígbàjámọ̀.

Ṣùgbọ́n ilé ìwé gba ìsinmi. Ẹni tó bá ń kọjá lára kíláàsì tí wọ́n ti tì pa á gbọ́ ohùn ọmọdé kan nínú òkùnkùn ibẹ̀: “Méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Méjì lọ́nà mẹ́ta, mẹ́fà.” Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì. Àwọn tó ti gbé e sẹ́yìn rí ò jẹ́ kó wọlé wọn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kún. Ẹnì kan ní ohùn ọmọ yẹn ń dẹ́rù ba òun. Ọ̀rọ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu.

“Ìwọ lẹ̀rù ń bà? O ò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé?”

“Àgbá ti dé,” ni onígbàjámọ̀ wí. “Ẹ di àga yín mú.”

Mo ní ògiri pe ọkùnrin mẹ́ta lórúkọ, wọ́n dáhùn, wọ́n ṣubú, wọ́n kú. Mo ní búrẹ́dì wà lẹ́nu ẹnì kẹta, ó kú tán ó ṣì ń jẹ ẹ́ lọ. Ṣọ́ọ̀bù wó fún ẹ̀rín. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó fá irun ojú oníbàárà kan dànù.

Ọkùnrin kan jókòó ní kọ̀rọ̀, ọṣẹ funfun wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọjọ́ wo ni?”

“Ọjọ́rú.”

“Ṣé o fojú ara rẹ rí i?”

“Ojú mi méjèèjì! Èyí tó wà lẹ́yìn orí mi gan-an rí i!”

Ó yọ ìwé kékeré kan lápò, ó kọ ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ rí. Orí mi wú bí búrẹ́dì. Mo ní, “Ẹ dúró ná, ọ̀gá, mẹ́ta kọ́. Méje ni.” Ó fa ìlà gba orí mẹ́ta, ó kọ méje.

Wolé-wolé Ọ́fíìsì Àwọn Abàmì ni ọkùnrin náà, àwọn tó ń kó ẹni tó bá ní agbára àràmàǹdà lọ.

Ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ funfun kan dúró síwájú ilé Ìyá Aránṣọ. Mo wà lórí àkàbà nílé kejì, mò ń kun fèrèsé. Mo rí wọn tí wọ́n mú ọmọ náà jáde pẹ̀lú aṣọ kọ́tìnnì rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n sọ pé eré ni mo ṣe. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kùn ún kí ọkọ̀ tó lọ.

Ọdún méjì nìyẹn. Ọmọ ò padà dé.

Òfin wá jáde pé gbogbo yàrá tí abàmì bá gbé rí, kí wọ́n fi ọ̀dà elépo kùn ún nígbà mẹ́rin, kó má bàa ran ẹlòmíràn. Èmi ni wọ́n fún níṣẹ́ náà. Mo kun yàrá nọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń tàn. Ibi tó máa ń gbé ọwọ́ lé lára ògiri ṣì ń pọ́n lábẹ́ ọ̀dà bí ẹ̀yinná. Mo kun yàrá awakọ̀ tí òjìji rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Wọ́n ti gbé awakọ̀ lọ, òjìji ṣì ń dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó sẹ́yìn mi, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ bí àgbà ọkùnrin ṣe ń gbàdúrà lórí àkàbà, ẹ bi mí.

Ti ohùn ló burú jù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sókè, ojú ògiri ló ń wà, òun ló ń jáde lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ máa ń wọ inú lọ, ó ń sùn síbẹ̀, àfi tí omi bá kàn án ló tó jí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ọ̀dà olómi kan ògiri abàmì. Akunlé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ jí ohun tó sùn.

Mo mọ gbogbo èyí. Ẹ rántí pé mo mọ̀ ọ́n.

Lánlọ́ọ̀dù Ìyá Aránṣọ pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. “Àgbá, wolé-wolé ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la. Tí yàrá yẹn ò bá tíì kùn, wọ́n á ti ilé mi pa, obìnrin yẹn á sì máa sùn síta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin o!”

“Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin? Ogójì ni n ó kùn ún, yàrá á kéré títí ẹ ò ní rí ibi wọlé.”

“Gbẹ́nu ẹ kúrò níbẹ̀, jàre.”

Mo wọlé lọ bá Ìyá Aránṣọ. Ó ti jókòó sídìí maṣíìnì, téèpù kọ́ ọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kò wo garawa mi.

“Àgbá, jókòó. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ti fẹ́ lù.”

Mo jókòó. Nígbà tó yá, ògiri ẹ̀yìn maṣíìnì ní, “Màmi, ẹ ti jí?”

 Ohùn ọmọdé ni, oorun ṣì wà nínú rẹ̀.

“Mo ti jí o, ọmọ mi,” ni Ìyá Aránṣọ dáhùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. “Mo ti jí tipẹ́.”

Ó yíjú sí mi. “Ohun tó kù fún mi nìyẹn. Àwọn ènìyàn ò mú aṣọ wá mọ́, wọ́n ní abẹ́rẹ́ mi á gún wọn lóhùn. Ìwọ nìkan lo ṣì ń wọlé wá pa mí lẹ́rìn-ín. Àgbá, má kùn ún. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.”

“Ìyá, wọ́n á lé yín jáde.”

“Tí wọ́n bá kùn ún, kí ni mo ń ṣe nínú ilé?”

Ó ní ẹlẹ́rìí kan ló parọ́ mọ́ ọmọ òun, àwọn ọ́fíìsì ò sọ ẹni náà fún òun. Ó ní lójoojúmọ́ lòun ń béèrè ohun tí ọmọ òun ṣe fún ẹlẹ́rìí náà. Mo wo inú garawa mi. Mo wò ó gan-an.

Ni mo bá sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ọ̀dà kan wà lọ́wọ́ mi tí mo gbà lọ́wọ́ ọba àwọn akunlé, tí ń bo ojú wolé-wolé ṣùgbọ́n tí kì í bo ohùn. Irọ́ ni. Ẹfun ni mo pò mọ́ omi, kó lè funfun lójú, kó sì fẹ́lẹ́ tí “ẹ ti jí” á fi rọ́nà jáde. Ní ọ̀sán, ògiri á dákẹ́. Wolé-wolé á wò ó, á lọ. Àánú obìnrin yẹn ló ṣe mí tí mo fi gbàgbé iṣẹ́ mi. Mo kùn ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo rẹ ẹ́ dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wolé-wolé dé, lánlọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e bí ìrù. Ọkùnrin tó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni, ó mọ̀ mí. Ó mi orí sí mi bí ẹni tó rí òṣìṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

“Ẹ̀ẹ̀melòó?” ló bi mí.

“Mẹ́sàn-án, ọ̀gá! Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Eṣinṣin mẹ́ta bà lé e láàárọ̀, wọ́n ti di funfun, wọ́n ń wá ìyá wọn kiri.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Aránṣọ dúró ti maṣíìnì rẹ̀.

Ni ohùn kan bá dìde láti ìsàlẹ̀ ògiri, ní ìdí ẹsẹ̀ maṣíìnì, níbi tí omi ẹfun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn dé. Ó lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó lóṣòó tó fẹnu kan ilẹ̀.

“Màmi. Wọ́n ní kí n wá mú bàtà mi. Ẹ wà níta, ẹ ń bẹ awakọ̀. Wọ́n ní mo pa ènìyàn méje, wọ́n ní Bùọ̀dá Àgbá ló rí i. Ẹ pè é wá, kó sọ fún wọn pé eré ló ń ṣe. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Ẹ tètè pè é, Màmi.”

 Omi kán láti ara ògiri.

Ìyá Aránṣọ wò mí. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

“Àgbá, àwọn wo ló kú?”

Mo la ẹnu. Èmi tí mo lè sọ orúkọ ìyá oòrùn àti ti ìyàwó òṣùpá, orúkọ òkú kan ṣoṣo ò wá sí mi lẹ́nu.

“Sọ fún un,” ló wí, ó na ọwọ́ sí wolé-wolé. “Ó wà níbí. Sọ fún un pé eré ni. Jọ̀wọ́, Àgbá. Ọmọ mi ṣì lè padà wá.”

Wolé-wolé ṣí ojú ewé tuntun. Ó ṣí gègé rẹ̀. “Ẹni tó bá jẹ́rìí èké fún ọ́fíìsì, ọkọ̀ kan náà ló ń gbé e lọ. Wàyí o, ṣé méje ni, àbí méje kọ́?”

Mo wo gègé yẹn. Láti ẹnu ilẹ̀kùn, mo rí ọkọ̀ funfun, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù sún mọ́ mi, ó fẹ́ di apá mi mú.

Mo ta garawa dànù sí i lẹ́sẹ̀, mo sì fi eré gé e. Mo fò kọjá àkàbà, bàtà mi kan kù sílẹ̀, mo gba iwájú onígbàjámọ̀ kọjá tí gbogbo wọn dìde tí wọ́n ń béèrè pé kí ló dé. Lẹ́yìn mi, Ìyá Aránṣọ ti jáde sójú títì, ó ń pè mí lórúkọ, ògiri inú yàrá náà ṣì tutù, ó tún ti bẹ̀rẹ̀: ẹ pè é wá, ẹ tètè pè é. Ohùn méjèèjì ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mi ò dúró.